Ọmọ mi fẹ́ ṣa fọ́sìlì létí òkun: Charmouth ni àbí ibi tó súnmọ́ wa?

Ìyá Ìbejì Dagenham (Àìkú, 8:47 alẹ́)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n kọ́ Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, nílé ìwé nípa Mary Anning, obìnrin tó ń hú fọ́sìlì (egungun àti ìkarahun ayé àtijọ́ tó ti di òkúta) létí òkun láyé ijọ́un, láti ọjọ́ náà kò jẹ́ ká sinmi. Ó ní òun fẹ́ lọ hú dáínósọ̀ létí òkun. Ti Táíwò kò tilẹ̀ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló máa ń rán Táíwò níṣẹ́, níbi tí ọ̀kan bá lọ ni èkejì ń lọ. Ìsinmi àárín táàmù, ní October, ni mo ní lọ́kàn.

Ibi tó ti ta kókó nìyí: mi ò wa mọ́tò, iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá wọn ń ṣe. Ìyá ọkọ mi sì wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn, wọ́n ti pé 68, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní í dá jókòó sílé. Lyme Regis àti Charmouth, ní Dorset, ni tíṣà wọn dárúkọ. Nígbà tí mo wo máàpù, àyà mi já. Ṣé a lè lọ ká bọ̀ lóòjọ́? Ṣé wọ́n ń gbowó kéèyàn tó wọ etí òkun ọ̀hún? Tí a bá rí nǹkan, ṣé a lè gbé e lọ sílé àbí ọlọ́pàá á mú wa? Irú òòlù wo ni ká rà?

Bàbá Tóbi (Àìkú, 9:20 alẹ́)
Ìyá Ìbejì, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lóró. August tó kọjá la lọ sí Lyme Regis. Òòlù mẹ́ta ni mo rà. A fọ́ òkúta láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, bí ẹni tí adájọ́ rán lọ síbẹ̀, a ò rí nǹkan kan. Èrò pọ̀ bí ọjà Bódìjà. Nígbà tó yá mo yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ra fọ́sìlì kan tí wọ́n ń pè ní ammonite, £8, mo jù ú sáàárín òkúta nígbà tí Tóbi kọ̀yìn sí mi, mo wá ní, "Tóbi, kí ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ yẹn?" Ọmọ fò sókè, ó ń pariwo. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, kò mọ̀.

Ẹ kó wọn lọ sí Natural History Museum ní South Kensington, ẹ ò ní í san kọ́bọ̀. Àwọn egungun tí Mary Anning fúnra rẹ̀ hú jáde wà lára ògiri níbẹ̀. District line láti Dagenham gbé yín débẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀ rárá.

Àdùkẹ́ Herne Bay (Àìkú, 9:26 alẹ́)
Bàbá Tóbi, Tóbi á dàgbà, á ka ìwé yìí. Mi ò sí níbẹ̀ o.

Olùkọ́ Weymouth (Àìkú, 10:05 alẹ́)
Ẹ má bínú, Bàbá Tóbi, August tẹ́ ẹ lọ àti òòlù tẹ́ ẹ gbé dání ló ṣe yín. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí ní agbègbè yìí, mo ti kó ọmọ ilé ìwé lọ sí Charmouth ju ohun tí mo lè kà lọ.

Òjò àti òkun ló ń bá wa hú fọ́sìlì, tiwa kò ju ká ṣà á. Ògiri òkè tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, amọ̀ dúdú àti òkúta tí wọ́n ń pè ní Blue Lias, ìsàlẹ̀ òkun ni nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ní ìgbà òtútù, òjò á rin ín, ilẹ̀ á ya wálẹ̀, ìgbì á wá fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dànù, yóò ku ohun tó le sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ọjọ́ kejì ìjì ni ká lọ. Ní August, ilẹ̀ kì í sábà ya, ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ti kọjá lórí òkúta kan náà kí tiyín tó débẹ̀. Láti November sí March ló dáa jù. Ìparí October kò burú tí afẹ́fẹ́ bá ti jà.

Ní ti òòlù, ẹ fi sílé. Yàtọ̀ sí pé èèyàn ní láti mọ òkúta tó yẹ ní fífọ́, èérún rẹ̀ lè fọ́ ojú ọmọ. Ẹ yan ibì kan tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ohun tó ń dán bí idẹ tó sì lọ́ po bí ìgbín, ammonite ni. Pyrite, ohun àlùmọ́nì tó ń dán bí idẹ, ló ti wọnú ìkarahun rẹ̀, òmíràn kò ju èékánná ọwọ́ lọ. Ohun gígùn tó ṣóńṣó lẹ́nu bí ọta ìbọn, belemnite ni. Èyí tó wọ́ kọdọrọ bí èékánná ẹsẹ̀ arúgbó ni Gryphaea, àwọn òyìnbó ń pè é ní èékánná èṣù.

Ẹnikẹ́ni kò ní í gbowó etí òkun lọ́wọ́ yín. Charmouth Heritage Coast Centre wà níbẹ̀ gan-an, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń bá èèyàn wo ohun tó bá ṣà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mú yín rìn, ẹ máa sanwó, ẹ sì tètè gba ààyè sílẹ̀, torí ó máa ń kún nígbà ìsinmi. Ohun tó bá ti já bọ́ sílẹ̀, ẹ lè gbé e. Wọn ò fẹ́ kéèyàn gbẹ́ ògiri òkè. Tẹ́ ẹ bá lọ ṣe kòńgẹ́ nǹkan ńlá, ẹ gbé e lọ bá wọn kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kò ní kó má jẹ́ tiyín mọ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Lyme, ní Monmouth Beach, àwọn ammonite kan wà lójú òkúta pẹrẹsẹ tó fẹ̀ bíi táyà mọ́tò. Ìyẹn, ẹ wò ó, ẹ ya fọ́tò, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ jìnnà sí ìdí ògiri òkè. Ní 2012, òkè ya ní Burton Bradstock, kò jìnnà síbẹ̀, ó sì pa ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá tirẹ̀ lọ létí òkun. Mary Anning alára, 1833 ni òkè ya pa ajá rẹ̀, Tray, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí. Ẹrẹ̀ tó ń ṣàn láti Black Ven náà, òkè tó wà láàárín Lyme àti Charmouth, lójú ó gbẹ, inú rẹ̀ á gbé èèyàn dé orúnkún.

Ní ti ọkọ̀, láti Waterloo ni reluwé ti ń lọ sí Axminster, ó máa tó wákàtí mẹ́ta kù díẹ̀. Ẹ tún máa wọ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fi ti Dagenham sí Waterloo kún un. Ní òótọ́ ọ̀rọ̀, mi ò ní í bá ẹni ọdún 68 tórúnkún ń dùn ṣe àlọbọ̀ yẹn lóòjọ́. Ẹ sun oorun ọjọ́ kan níbẹ̀.

Ẹni Olúwa (Àìkú, 10:31 alẹ́)
200 mílíọ̀nù ọdún báwo? Ayé tí Bíbélì sọ kò pẹ́ tó yẹn o.

Olùkọ́ Weymouth (Àìkú, 10:40 alẹ́)
Ẹni Olúwa, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ lálẹ́ yìí, ọ̀nà ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n kí inú yín lè dùn: Mary Anning kì í fi ìjọsìn ṣeré. William Buckland tó máa ń bá a rìn létí òkun náà, àlùfáà ni. Òun ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn òkúta róbótó kan tí Mary ń rí níkùn àwọn egungun, ìgbẹ́ ni. Ìgbẹ́ tó di òkúta! Tí mo bá sọ èyí ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó tún ń sùn.

Àdùkẹ́ Herne Bay (Ajé, 7:02 àárọ̀)
Ìyá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ gba Axminster lọ ṣe? Ẹ̀yìnkùlé wa ni Beltinge wà, ní Kent níbí, eyín ekurá ló wà níbẹ̀, ẹja tí òyìnbó ń pè ní shark. Ó ju 50 mílíọ̀nù ọdún lọ, ó ṣì ń gún èèyàn lọ́wọ́. Mo ti ṣa ìgò mílíìkì kan kún, ọmọ mi sì fi kan ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Reluwé láti London dé Herne Bay kò tó wákàtí méjì.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí omi bá fà gan-an nìkan lẹ lè rí wọn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ nígbà tí omi kún, òkúta lásán lẹ máa bá.

Warden Point ní erékùṣù Sheppey, ní Kent níbí náà, ńkọ́? Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Amọ̀ ibẹ̀ gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi, mi ò rí i títí dòní. Ẹ má kó arúgbó lọ síbẹ̀. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé èso ọ̀pẹ nípà tó ti di fọ́sìlì wà nínú amọ̀ náà. Ọ̀pẹ yìí kan náà ni wọ́n gbé wọ Calabar láti Singapore ní 1906, tó wá gba etí omi lọ́wọ́ àwọn ará Niger Delta. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ England tiẹ̀ ti gbóná bí ilé wa rí.

Bàbá Tóbi (Ajé, 7:45 àárọ̀)
Dáínósọ̀ ni ọmọ ń béèrè, eyín ẹja lẹ fẹ́ fún un. Ọmọ yẹn á sunkún padà sí Dagenham ni. Ó kéré tán, dáínósọ̀ wà ní Lyme.

Olùkọ́ Weymouth (Ajé, 12:30 ọ̀sán)
Bàbá Tóbi, ọ̀pọ̀ jù ohun tí Mary Anning rí kì í ṣe dáínósọ̀. Ichthyosaur tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin hú ní 1811 sí 1812, ẹran afàyàfà inú òkun ni. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí orí, Mary ló wá ìyókù kàn lọ́dún kejì, kò ju ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá lọ. Plesiosaur tó rí ní 1823 kì í ṣe dáínósọ̀ náà. Èyí tó jẹ́ dáínósọ̀ gan-an ní Charmouth ni Scelidosaurus, 1858 ni wọ́n rí ti àkọ́kọ́, Mary ti kú láti 1847. Kó tún tó bọ́ sí ẹni tó lọ fún ọjọ́ kan lọ́wọ́, ìyẹn nira. Ẹ tètè sọ fún Kẹ́hìndé kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó má baà sunkún.

Ọmọ Ìlàjẹ (Ajé, 1:15 ọ̀sán)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ òkúta, ẹni kan ṣoṣo ló dárúkọ omi, gbólóhùn kan ló sì fi sọ ọ́. Ayétòrò ni wọ́n ti bí mi, ìlú tí òkun ti gbé ilé mọ́ wa lójú níbẹ̀, tó ń gbé e lọ títí di òní. Mi ò kì í fi omi ṣeré, síbẹ̀ òkun Dorset fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi.

Lyme la ti gbéra, a ní ká fẹsẹ̀ rìn gba etí òkun dé Charmouth. Ó wù wá, a ń ṣa nǹkan, a ń ya fọ́tò. Mi ò wo aago. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ti kan ìdí ògiri òkè níwájú wa. Mo bojú wẹ̀yìn, bákan náà. Òkè kò ṣeé gùn, amọ̀ yíyọ̀ ni. A sáré padà, omi dé itan ọmọ mi obìnrin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, Coastguard, àwọn tó ń gba èèyàn là létí òkun, ni à bá pè.

Torí náà ẹ gbọ́. Omi á fi wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ fà, á tún fi bẹ́ẹ̀ kún. Lójoojúmọ́ àsìkò rẹ̀ ń sún síwájú ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú, ẹ má fi ti àná ṣe ti òní. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú, omi á fà jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀, àsìkò yẹn ló dáa fún ẹni tó ń ṣa nǹkan, ṣùgbọ́n yóò kún ju ti tẹ́lẹ̀ náà. Ẹ wo ìwé àkókò omi ti ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an, kì í ṣe ti ìlú mìíràn. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní bíi wákàtí méjì kí omi tó fà tán. Bó bá ti fà tán, ẹ kọjú sí ọ̀nà ilé, ẹ máa ṣà á bọ̀. Tí omi bá ká yín mọ́, 999 ni, ẹ ní Coastguard lẹ fẹ́.

Àdùkẹ́ Herne Bay (Ajé, 1:22 ọ̀sán)
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Gbólóhùn mi kéré lóòótọ́.

Ìyá Ìbejì Dagenham (Ajé, 9:10 alẹ́)
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún Màmá. Bí mo ṣe ka "ohun gígùn bí ọta ìbọn", wọ́n ní edùn àrá nìyẹn, pé ẹni tí kì í ṣe Oníṣàngó kì í gbé e wọlé. Wọ́n tún ní ta ló sọ pé Èṣù ní èékánná ní ìlú òyìnbó. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Olùkọ́ Weymouth (Ajé, 9:33 alẹ́)
Màmá ò ṣìnà púpọ̀! Àwọn òyìnbó àtijọ́ náà gbà pé belemnite já láti ojú ọ̀run nígbà tí àrá bá sán. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni. Edùn àrá tiwa, àáké òkúta ni, èèyàn ayé ijọ́un ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Belemnite, inú ara ẹranko omi kan tó jọ squid ló ti wá, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Ní ti èékánná yẹn, Bìlísì ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe Èṣù. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi bẹ Màmá.

Ọmọ Ewékorò (Ajé, 10:02 alẹ́)
Ẹ sọ fún Màmá pé irú òkúta yìí wà nílé. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun ni nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A máa ń rí ìkarahun nínú òkúta tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé ẹnì kan ló jẹ ìgbín tó da karahun rẹ̀ nù. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé òkun ti dé Ewékorò rí. Mo bínú fún bí ọ̀sẹ̀ kan, pé kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Kọ́lá Colchester (Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)
Ẹ fi Kent sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí Essex, Essex ni kẹ́ ẹ bá lọ. Walton-on-the-Naze. Ẹ wọ reluwé ní Stratford, ẹ lè ní láti pààrọ̀ rẹ̀ ní Thorpe-le-Soken. Láti ibùdókọ̀ Walton, ẹ fi Màmá sínú takisí lọ sí ìdí ilé ìṣọ́ gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1720, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣàlàyé nǹkan fún àwọn ọmọ, wọ́n ń ta tíì. Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ sí etí òkun, kí Màmá rọra di irin rẹ̀ mú.

Lókè ògiri yẹn, iyanrìn pupa ni, ìkarahun ló kún inú rẹ̀. Nísàlẹ̀, amọ̀ ni, òun ni eyín ekurá ti ń jáde. Ẹ wá ìkarahun kan tó jọ ìgbín, ẹ gbé e dúró kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè: ẹnu rẹ̀ á wà lọ́wọ́ òsì. Ti ìgbín tí à ń jẹ, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń wà. Òkun ń jẹ ògiri yẹn lọ́dọọdún, kò yàtọ̀ sí ohun tí Olùkọ́ sọ, ẹ má jókòó sábẹ́ rẹ̀ jẹun. Bàtà rọ́bà ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Bàbá Tóbi (Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀)
Ṣé òòlù...

Kọ́lá Colchester (Ìṣẹ́gun, 8:16 àárọ̀)
Rárá, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì Dagenham (Ọjọ́rú ìsinmi, 8:30 alẹ́)
A ti dé o! Walton la lọ. Omi máa fà tán ní aago kan ọ̀sán, aago mọ́kànlá la ti wà nísàlẹ̀. Kẹ́hìndé rán Táíwò sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ṣáájú, pé kó lọ wò ó bóyá ó ń yọ̀.

Fún wákàtí kan a ò rí nǹkan. Àwọn ìbejì ń sáré kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Màmá jókòó sórí àpótí kékeré tí mo gbé dání fún wọn, lójú òkúta wẹ́wẹ́ tó jìnnà sí ògiri, wọ́n ń fi ọ̀pá tú ilẹ̀. Mo rò pé ó ti sú wọn. Ni mo bá gbọ́ "Ìyá Ìbejì, ṣé irú èyí lẹ ń wá?" Eyín ni! Dúdú, ó ń dán, ó mú bí abẹ́rẹ́. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti rí èkejì. Mẹ́rin ni wọ́n rí kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí padà. Mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń rí wọn?" Wọ́n ní ẹni tó ti ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fadà láti kékeré, kí ni wọ́n fẹ́ fi pa mọ́ fún un.

Táíwò tí nǹkan ò kàn rí ìkarahun ọlọ́wọ́ òsì, odindi. Kẹ́hìndé tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀, igi tín-tìn-tín kan tó ti di pyrite ló rí, ó ní ìka dáínósọ̀ ni, mo ti jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Báwo la ṣe máa tọ́jú wọn? Orúnkún Màmá ń dùn lálẹ́ yìí, a ti fi àbọ́níkì pa á.

Olùkọ́ Weymouth (Ọjọ́rú, 9:04 alẹ́)
Ẹ kú oríire! Ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan eyín àti ìkarahun, kí iyọ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ó tán. "Ìka" Kẹ́hìndé ló gba ìtọ́jú. Pyrite kò fẹ́ ọ̀rinrin, tó bá kàn án pẹ́, á máa hu ìyẹ̀fun, á fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ sì ju àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i.

Bàbá Tóbi (Ọjọ́rú, 9:11 alẹ́)
Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bi Màmá, ìgbà wo ni wọ́n ń padà sí Ìbàdàn? Mo fẹ́ kó Tóbi lọ sí Charmouth ní February. Èmi ni máa sanwó ọkọ̀ wọn.